Láti Ibi Ọ̀dà Wọ Inú

Ní Winnipeg, nínú òtútù oṣù kìíní tí í ge etí bí abẹ,
páìpù kan bẹ́ lóru ní àjà kẹfà.
Omi ò kanlẹ̀kùn. Ojú iná ló gbà
bọ́ sí àjà karùn-ún, ilé Orest Halychuk,
awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.
Ó pa bẹ́ẹ̀dì, ó pa kápẹ́ẹ̀tì,
ó pa dùùrù tí Sonia ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ kó tó kú.

Èmi ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán wá lọ́jọ́ kejì,
èmi àti ẹ̀rọ kékeré tí mò ń fi ti ògiri
kó lè sọ iye omi tó gbé mì.
Bàbá bu tíì fún mi nínú kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tó gbẹ.
Ó ní, "Oṣooṣù ni mo ń san owó ilé.
Ṣebí ilé yìí ní adójútòfò?"

Ó ní in, bàbá. Ilé ní tirẹ̀.
Àjọni ni ìpìlẹ̀, àjọni ni òrùlé,
àjọni ni ẹ̀rọ agbéniròkè tó máa ń há lọ́jọ́ Àìkú,
àti ojú ọ̀nà tí ẹ jọ ń wa yìnyín rẹ̀.
Ògiri gan-an, àjọni ni.
Ṣùgbọ́n láti ibi ọ̀dà wọ inú, ẹ̀yin nìkan.
Kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn, ẹ̀yin.
Mo wo dùùrù. Mi ò ka èyí tó kù.

Colette tí ń gbé lókè sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì mẹ́rin,
ojú rẹ̀ pọ́n. "Páìpù mi ni," ó ní, "páìpù mi ni,"
bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló ṣẹ aládùúgbò.
Bàbá gba táwẹ́ẹ̀lì. Kò bá a wí.
Ó bi mí pé èló ni ìbá jẹ́ lóṣù, ká ní ó ra tirẹ̀.
Mo sọ ọ́. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀ lórí tábìlì tútù:
"Owó kọfí mi láàárín ọjọ́ mẹ́jọ."
Lẹ́yìn náà ó tẹ dùùrù lẹ́ẹ̀kan.
Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú omi.

Mo kọ ohun gbogbo sílẹ̀; ìwé mi kò ní àyè fún ohùn.

Lálẹ́, nínú fúláàtì tèmi, mo tú dúrọ́ọ̀,
mo wá ìwé ọ̀hún rí, mo ka ọjọ́ tó máa parí.
Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Mo gbójú sókè. Ilẹ̀ ẹlòmíràn ni àjà mi,
ẹnì kan tí n kò tíì béèrè orúkọ rẹ̀,
ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí omi.