Ẹyin Ẹnu

Ọjọ́ kọkàndínlógún rèé, kò fẹnu kan oúnjẹ.
Mo bu ìyẹ̀fun edé sójú omi,
àwọn akọ aláwọ̀ aró ń jà á gbà;
òun fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta tí mo ṣà létí odò Àlà,
àgbọ̀n rẹ̀ wú bíi ti ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀
tí wọ́n wá pe orúkọ rẹ̀.

Bàbá Olúgbàyílà ní Ìjọ̀kà bi mí:
ṣé epìyà yìí ò tíì tó dín?

Iná lọ lóru àná. Ẹ̀rọ atẹ́gùn dákẹ́.
Mo ń fife bu omi, mo ń dà á látòkè,
bu, dà, bu, dà;
Mosúnmádé di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń tòògbé.

Ẹyin lohùn, wọ́n ní; bó bá bọ́, ó fọ́.
Ẹja yìí gbọ́ òwe náà jù mí lọ.
Tèmi bọ́ níwájú àbúrò mi lọ́dún Àjíǹde;
a ṣì ń tẹ èèpo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ó yanu.
Mẹ́tàdínlógún! Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Òjìji mi kan gíláàsì,
gbogbo wọn sá padà sẹ́nu ìyá wọn.