Ohun Ìdógò

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, wọ́n fún mi ní tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
kọ̀ǹpútà tó ń mí bí arúgbó tó gun òkè,
àti fáìlì mọ́kànlá.
Ọ̀gbẹ́ni Ọdúnúgà fi ìka kan èyí tó wà lókè pátá:
"Wo owó tó wọlé, wo owó tó jáde,
kí o wá sọ fún mi bóyá ọkùnrin yìí á san."
Bóyá.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ìṣirò owó,
kò sí olùkọ́ kankan tó kọ́ mi ní bóyá.

Sàláwù Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.
Mílíọ̀nù mẹ́jọ ló ń bèèrè,
fún pákó, fún ẹ̀rọ ọkọ̀ méjì.
Níbi tí wọ́n ti kọ "ohun ìdógò",
òfìfo. Ẹnì kan tiẹ̀ ti da tíì sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo gun ọ̀kadà lọ bá a.
Bàtà mi, èyí tí mo rà láwìn, rì sínú ẹrẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó ju pákó kan sílẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́.
Mo ní, "Ìwé ìṣirò yín dà, sà?"
Ó nawọ́ sí ìhà ọkọ̀ kan tí kò tíì parí:
ṣọ́ọ̀kì, ìlà lórí ìlà.
"Ìlà, ọkọ̀ tí mo tà. Òǹkà róbótó, owó àsansílẹ̀.
Èyí tí mo dá ní àgbélébùú, oníbàárà tó kú."
"Gbèsè tirẹ̀ ńkọ́?"
"Mo ti fi jì í. Ta ni mo fẹ́ bá lọ sí itẹ́?"

Mo kà títí oòrùn fi yí sẹ́yìn wa.
Ọkọ̀ méje lọ́dún. Mẹ́fà sanwó tán.
Àlàfo gígùn kan wà láàárín, kò sí ìlà, kò sí róbótó.
"Àwọn oṣù òjùoró nìyẹn," ló wí.
"Bí ó bá bo ojú ọ̀sà, ta ni yóò ra ọkọ̀?"
Ó fọ ọwọ́. "Mi ò ní bẹ́gi dínà ara mi, ọmọ mi. Màá san."
Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọdúnúgà ti kìlọ̀ fún mi.

Ìyá ìyá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún un sọ mọ́:
ìyá tirẹ̀ ni wọ́n fi yáwó,
pọ́n-ùn mẹ́ta, lọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀ kan ní Èjìnrìn,
owó ìsìnkú ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ rí.
Ó ro oko, ó pọnmi, ó ṣa obì, ọdún méje,
iṣẹ́ yẹn kò dín pọ́n-ùn kan kù.
Èlé lásán ni òógùn rẹ̀ ń san.
Ìwọ̀fà ni. Òun gan-an ni ohun ìdógò.
Èmi rèé o, nídìí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú,
mò ń bi àgbàlagbà pé, kí lẹ ó fi dúró?

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ mẹ́jọ, mo pa á rẹ́.
Mo kọ mẹ́ta àti ààbọ̀.
Mo kọ pé kó má san nǹkan kan ní oṣù òjùoró.
Ohun ìdógò: ẹ̀rọ méjèèjì, kì í ṣe ilé, kì í ṣe ènìyàn.
(Mo yọ "kì í ṣe ènìyàn" kúrò. Kò sẹ́ni tó bèèrè.)

Ọdúnúgà kà á, ó pòṣé.
"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ òjùoró fún ọ?"
"Ìhà ọkọ̀ ni, sà."
"Bí kò bá san, orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀ ìwé yìí."
Ó ki bírò bọ etí, ó gbé fáìlì wọ yàrá inú,
ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ká bébà, mo fi ti ẹsẹ̀ tábìlì.
Kò tíì dọ́gba.
Mo fa fáìlì kejì:
ẹgbẹ̀rún méjì adìyẹ, ní Póka.
Ohun ìdógò: ilé àjogúnbá.
Ẹ̀gbọ́n mẹ́rin kò tíì fọwọ́ sí i.