Aṣọ Tí Wọn Kò Mẹ́nu Bà

Ìwé ìròyìn mẹ́ta dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
wọ́n tutù létí, nítorí òjò Ópótíkì kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Merepeka, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ní ojú òun ń rẹ òun,
kí n kà wọ́n sókè.

Lámèyítọ́ àkọ́kọ́ ní ìjà inú fíìmù náà dùn-ún wò,
ìtàn rẹ̀ ló tín-ín-rín bí okùn ìwọ̀:
wọ́n pa bàbá, ọmọ gbẹ̀san, ó parí.
Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún.
"Ó parí kẹ̀? Ta ló sọ fún un pé ẹ̀san máa ń parí?"

Èkejì kọ tirẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù.
Ó ka ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń ka owó orí:
agbárí mẹ́rin tó fọ́, apá kan tó já.
Ó ní òun kò mọ̀ pé èdè Màórì lè le tó báyìí
lẹ́nu ẹni tó ń bínú.
Merepeka rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Èdè tí wọ́n fi ń pè é wá jẹun,
èdè tí olùkọ́ fi ẹgba lé kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọmọ wa ni, ọmọ òdìkejì odò.
Ó ní bí akọni náà ṣe di ọ̀pá ìjà mú kò tọ̀nà,
pé àwọn baba wa kì í kàn án ṣe apànìyàn ṣáá;
wọ́n gbin kúmárà, wọ́n wo òṣùpá kí wọ́n tó ju àwọ̀n.
Níbí ni Merepeka ti dákẹ́.
Ó ní kí n tún un kà.

N kò sọ fún un pé mo ti wá orúkọ rẹ̀ títí
nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Aṣọ èjìká olóyè yẹn, tí kámẹ́rà rọ̀ mọ́,
oṣù mọ́kànlá ló fi hun ún.
Ó fi ìkarahun họ ewé harakéke títí okùn fi yọ,
ó rì í sínú ẹrẹ̀ irà títí ó fi dú bí irun ọmọge.
Wọ́n rà á, wọ́n sì fi ọ̀bẹ ya á,
nítorí ìran náà ń fẹ́ aṣọ yíya.
Kò sí lámèyítọ́ tó ka aṣọ mọ́ òkú.

Tamahou, ọmọ ọmọ rẹ̀, kú ní ìṣẹ́jú kejìlá:
òkú kẹfà lápá òsì, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì díẹ̀.
"Kantíkantí ló jẹ mí," ló ń wí fún gbogbo ayé.
Nígbà tí kùmọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú,
Merepeka fọwọ́ bojú,
bẹ́ẹ̀ ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú.

"Ìwọ ńkọ́? Ìràwọ̀ mélòó?"
Ó wo ojú fèrèsé.
Ó ní Matariki kò tíì yọ, kí n má bi òun léèrè ìràwọ̀.
Ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Mo ta kókó kan lódì, lápá òsì.
Gbogbo ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn bá kẹ̀yìn sí wa láti pa ẹnìkan,
òun ni mò ń rí."

Ó gba ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi,
ó tẹ́ ẹ síwájú iná,
ó kó okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀ lé e lórí.
Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìwé,
ó mu ìràwọ̀ kan,
ó mu èkejì.