Kí N Tó Fọwọ́ Kàn Yín

Ní Ìgbòbí, lórí bẹ́ńṣì tí àárín rẹ̀ ti tẹ̀,
Ìbíyẹmí fa orúnkún mi títí mo fi bú u.
Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà.
Ó fi rúlà oníke wọ̀n ọ́n bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń ká sí,
ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́, torí ìwé tán.

Ni wọ́n bá mú un lọ sí Sikọ́tílándì, oṣù mẹ́ta gbáko,
kí ó lọ wo bí tọ̀hún ṣe ń kọ́ arọ ní ìrìn.
Mo ní ìlú òtútù ni, ẹ̀rọ ni yóò máa gbé wọn dìde,
yóò padà wá máa fimú sọ̀rọ̀.

Ó dé lọ́jọ́rú. Iná ti lọ, fáànù dúró.
Ó jókòó lórí àpótí, ojú rẹ̀ bá tèmi dọ́gba.
"Bàbá, ṣé kí n di orúnkún yín mú?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Orúnkún tí o ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún?
Ó ní, "Wọ́n máa ń bèèrè ná, níbẹ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.
Láti àárọ̀ tí apá òsì ti kú mọ́ mi lára
nínú bálùwẹ̀ wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta,
ìyàwó ń wẹ̀ mí,
Gbádébọ̀ ń gbé mi sọ́kọ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì,
pásítọ̀ ń tẹ̀ mí lórí mọ́lẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.
Èmi tí rélùwéè kì í ṣí
àfi tí mo bá gbé àsíá sókè!

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúró lófuurufú, tó ń retí.
Mo ní, "Ó yá."

Ó dùn mí wọnú eegun.
Mo tún bú u.