Ihò Méjìdínlógún

Òwúrọ̀ mẹ́ta ni mo fi rò pé ẹnìkan ló ń da sobo sábẹ́ mọ́tò.
Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gbóòórùn rẹ̀:
epo jíà ni.
Sìẹ́nà mi ń sunkún pupa sórí sìmẹ́ǹtì
ní Bọ́lọ́rundúró,
ìwọlé iléèwé sì ku ọjọ́ mọ́kànlá,
ẹ̀wù àwọn ọmọ Ẹ̀rìn ti wà nínú àpò,
ti Ìpetu kò tíì ní bọ́tìnnì.

Fátìrẹgùn rá wọ abẹ́ rẹ̀,
ó gbé abọ́ irin kan jáde
tí ìpẹtà ti jẹ létí bí àkàrà tí eku bà jẹ́.
"Ìyá Aránṣọ, páànù yìí ti lọ,
gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti gbó.
Ẹ jẹ́ n fi gọ́ọ̀mù dí i, kò ní jò mọ́."

Gọ́ọ̀mù!
Aṣọ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀,
ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ rí omi ọṣẹ ni àṣírí rẹ̀ ń tú.

Mo tẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí páálí.
Ó ti já sí mẹ́ta; mo tò ó bí ẹni to egungun ẹja,
mo fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí rẹ̀ yípo,
mo sàmì sí gbogbo ojú bóòtù,
mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: méjìdínlógún.
Mo gé páálí náà bí ẹni gé ọrùn ẹ̀wù,
mo fi téèpù kọ́rùn,
ó di ìsọ̀ Okwudílí, lẹ́yìn ọjà Àtàkúnmọ̀sà.

Ó gbé tuntun wá, ó ń dán bí àwo ìyàwó,
ó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ìlérí.
Mo tẹ́ páálí mi lé e.
Mẹ́tàdínlógún.
"Mọ́mì, ihò kan péré ló dín."
Ọmọ mi, ẹ̀wù tí kò ní apá òsì,
apá kan péré lòun náà dín.

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ wá tòkunbọ̀:
ó wúwo, ó dọ̀tí, ihò rẹ̀ pé.
Mo fi rúlà gbọọrọ lé ojú rẹ̀,
ìmọ́lẹ̀ kò rí abẹ́ rúlà gbà kọjá.
Mo da omi inú ọ̀rá kan sí i,
mo gbé e lé ìwé ìròyìn, mo dúró
títí ó fi ta pílọ́ọ̀gì mẹ́rin fún ọlọ́kadà.
Ìwé ìròyìn gbẹ.
Nísàlẹ̀ rẹ̀, máágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan hu irùngbọ̀n irin,
eruku ìrìn ẹnìkan tí n kò ní mọ̀ láé,
lójú ọ̀nà tí òjò dídì ń rọ̀ sí.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?
Ti ìwé wà. Ti kọ́ọ̀kì wà, ó ń rún lọ́wọ́ bí kókóró àná.
Ti rọ́bà ní òrùka irin tín-ín-rín nínú ihò kọ̀ọ̀kan,
bí ojú bọ́tìnnì tí ọwọ́ gidi ran.
Ìyẹn ni.

Ó pe owó. Mo lóṣòó.
Òṣómàáló ni bàbá mi,
ó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí ilẹ̀ fi ń ṣú;
èmi kàn lóṣòó nájà ni.
Kí Okwudílí tó jẹun ọ̀sán, ó ti já a.

Lábẹ́ mọ́tò, Fátìrẹgùn fẹ́ fi gbogbo agbára dè é.
Rárá o. Láti àárín. Díẹ̀díẹ̀.
Dé tibí, kí o kọjá sí òdì-kejì.
Òwú tó bá le jù, aṣọ á kákò.
Ó pòṣé,
ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí sípánà rẹ̀ rọ ohùn.

Alẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ́ àjákù aṣọ funfun sábẹ́ ọkọ̀.
Ìdájí, mo jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì:
ẹ̀kán pupa kan.
Eékún mi yẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fà á mọ́ra, mo gbóòórùn rẹ̀.
Fúrúútù!
Èso tí àdán jẹ kù yí gbirigbiri lọ sábẹ́ táyà.

Mo gbọn aṣọ náà nù.
Bọ́tìnnì Ìpetu ṣì wà nílẹ̀.