Ilẹ̀ Àwòrán

Lówùúrọ̀ ọyẹ́, Olósùnta kì í ní àwọ̀.
Á kàn dúró lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí,
apá kan ṣókùnkùn, apá kan mọ́,
ìyókù wà láàrin, kò tíì mọ ibi tí yóò yà sí.
Àpáta yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́,
òun àti Ọ̀gá Ìlúfóyè
tó máa ń gba bùrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, táá ní:
"Dín ojú ẹ. Ta ló bi ọ́ léèrè pupa?
Ibo ló dúdú jù?
Òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ lẹ̀gbọ́n. Àbúrò ni àwọ̀."

Abọ́sẹ̀dé gbé fọ́tò yèyé rẹ̀ wá,
fọ́tò kékeré tí ikán ti jẹ létí.
"Kí gèlè yẹn jẹ́ àlùkò o.
Kí iyùn ọrùn wọn pọ́n dáadáa."
Mo ní ó ti yé mi.

Mo po ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́ tapẹntáìnì,
ó ṣàn bí omidùn,
mo fi bo kánfáàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Mo wá fi àkísà nu ìmọ́lẹ̀ jáde:
iwájú orí,
eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́,
ṣóńṣó imú.
Mo jẹ́ kí òkùnkùn jókòó sí kòtò ojú
àti abẹ́ àgbọ̀n.

Ọjọ́ kẹrin, ó yọ sí mi láìpè.
"Ẹrẹ̀ lẹ fi kun yèyé mi yìí?
Àbí owó ò tó ra ọ̀dà ni?"
Mo ní, bí ògiri bá wọ́, kí ni ẹfun fẹ́ ṣe sí i?
Ẹ dín ojú yín.

Ó kọ́kọ́ pòṣé. Ó wá dín in.
Iná lọ; ẹ̀rọ ìlọta òdìkejì dákẹ́,
òun náà dákẹ́,
ó fẹ̀yìn ti férémù ẹnu ọ̀nà.
"Bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyí," ó ní,
"tí epo àtùpà bá ti ń tán lọ,
tí wọ́n ń ka owó kòkó,
tí wọ́n rò pé a ti sùn."

Mo kun àlùkò. Mo kun iyùn.
Ó kúkú ti sanwó wọn.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ àgbọ̀n, níbi tí òjìji gèlè parí sí,
ibì kan wà tí kò ju èékánná lọ:
ilẹ̀ lásán. N kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ tó wá gbé e, n kò sọ fún un.
Ibẹ̀ ló kọ́kọ́ fìka sí.