Orógbó Kò Láwẹ́

Mò ń lọ ata fún ọmọ Ìyá Sàlámì lọ́wọ́
nígbà tí fóònù dún. Mo pa ẹ̀rọ.
Gbogbo Ìtọ́kú dákẹ́ lójijì, bí ẹni pé òun náà fẹ́ gbọ́.
Fadékẹ́mi ni, láti Líìdìsì.
Ó ní òun ti ríṣẹ́: òun ń lúùkù áfútà
màmá arúgbó kan tí kò lè dìde.

Mo mọ lúùkù: wíwò ni.
Mo mọ áfútà: ẹ̀yìn ni.
N kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.
Arúgbó tí kò lè rìn, ibo ló ń lọ
tí wọ́n fi ń wò ó lẹ́yìn?

Ilẹ̀ mọ́, mo gun òkè lọ sí Ìjẹmọ̀,
sọ́dọ̀ Tíṣà Ṣówẹ̀mímọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.
Ó ń fá irùngbọ̀n lórí pèpéle.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọṣẹ nù lẹ́nu.
"Ìyá Fadé, ṣé o gbà mí gbọ́?"
Mo ní mo gbà yín gbọ́, sà.
"Kí lo gbà lọ́wọ́ mi?"
Mo wo ọwọ́ mi. Ata ló wà léèékánná.
"Ọmọ rẹ tó o tọ́jú dàgbà,
ṣé ojú rẹ̀ nìkan lo tọ́? Ta ló tọ́ imú?
Òyìnbó náà ní tiwọn.
Fi áfútà ti lúùkù lẹ́yìn, kì í ṣe wíwò mọ́, ìtọ́jú ni.
Fi fọ́ọ̀ tì í, ó di ká máa wá nǹkan tó sọnù.
Obì ló láwẹ́. Orógbó lèyí."

Mò ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, mò ń wí i lẹ́nu,
lúùkù áfútà, lúùkù áfútà,
títí ọlọ́kadà kan fi bi mí bóyá ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Mo dán an wò. Mo ní kí ọmọ Ìyá Sàlámì
bá mi lúùkù áfútà ẹ̀rọ, kí n lọ ra dísù.
Ó wò ó lóòótọ́.
Ó wò ó títí ata fi kún bọ́ọ̀lù, tó ṣàn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú ọmọ mi tún pè.
Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ní yìnyín ń bọ́,
arúgbó náà ti jẹun, ó ti sùn.
N kò béèrè owó.
Mo mí kanlẹ̀, mo rọra gbé Gẹ̀ẹ́sì mi kalẹ̀ bí ẹyin:
"Fadé. Hù ìsì lúùkìn áfútà yú?"

Ó dákẹ́,
bí Ìtọ́kú ṣe ń dákẹ́ bí mo bá pa ẹ̀rọ.